Àwọn Fèrèsé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pa Dé ní Pobè

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo kó ẹrù mi kúrò ní Ìlaròó, tí mo wá ń gbé ní Pobè, ní ìkọjá ibodè. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, ọkọ mi sì ti di olóògbé. Fúnmiláyọ̀, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Pobè. Òun ló ní kí n má dá gbé mọ́, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín bí mo bá pe Pobè ní ẹ̀yìn odi. Wọ́n á ní, "Pobè yìí náà? Ibi tí èèyàn lè lọ láàárọ̀ kó sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjìn ọ̀nà nìkan ló ń sọ ibì kan di ẹ̀yìn odi. Ọjọ́ tí o bá dé ibi tí ohun tí o fi ń yangàn kò ti já mọ́ nǹkan kan, ọjọ́ náà ni o kúrò nílé.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni tèmi ṣẹlẹ̀. Mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Faransé ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, n kò rí ibi tí mo lè di mú. Ọmọkùnrin akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò mí tàánútàánú, ó sì bá mi sọ Yorùbá tó dùn létí.

"Màmá, ṣé ẹ ò lọ lẹ́kọ́lì ni? Ẹ má dààmú, màá bá yín kọ ọ́. Ẹ ṣáà tẹ àtàǹpàkò yín síbí."

Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà àti kíkọ! Mo ní kó yá mi ní bírò, mo fọwọ́ sí ìwé náà bí mo ṣe máa ń fọwọ́ sí káàdì àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Èdè ibẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi pátápátá. Ohùn àwọn ará Pobè jọ ti àwọn ọmọ Ìmẹ̀kọ tí mo bá kàwé nígbà èwe. Ibi tí àwa ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń yá tiwọn lọ́wọ́ Faransé, bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ kí n gbọ́, wọ́n á bọ́ sínú Ègùn. Èmi náà kò ran ara mi lọ́wọ́. Mo ní ìwà kan tí iṣẹ́ tíṣà gbìn sí mi lára: bí nǹkan kò bá wà létòlétò, n kì í lè mú un mọ́ra. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mo tún gbogbo àga ibẹ̀ tò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wá jókòó tì mí.

Fúnmiláyọ̀ a máa jáde ní kùtùkùtù, èmi a sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe Rẹ̀mílẹ́kún, àbúrò mi tó wà ní Ìlaròó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń sinmi."

"Ẹ̀yin? Ẹ ń sinmi? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá báyìí?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà kò bá mi dé inú ilé.

Fọ́ọ̀mù yẹn ló gbé mi dé yàrá kọ̀ǹpútà. Mo ń wá ibi tí mo ti lè kọ́ Faransé díẹ̀, wọ́n sì júwe gbọ̀ngàn kan fún mi tí ìgbìmọ̀ àdúgbò ń bójú tó. Inú yàrá kan níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà alágbèéká méjìlá wà, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti lò gbó kí wọ́n tó fi wọ́n tọrẹ. Ọ̀gbẹ́ni Pásíkà, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ kan tí kì í bínú, ló ń bójú tó wọn. Ó fi èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà hàn mí, ó tẹ nǹkan kan, Faransé ojú rẹ̀ sì di Yorùbá níwájú mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n dì mọ́ ẹ̀rọ náà.

Ó ṣàlàyé fún mi pé Línúksì ni ètò tó ń mú àwọn ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà. Èyí tí wọ́n ń lò, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ni ín. Àwọn èèyàn ló pawọ́ pọ̀ ṣe é: àwọn kan wà ní Sakété nítòsí, àwọn kan wà ní ìlú tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀ pè. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹni tó bá sì rí àbùkù lè bá wọn tún un ṣe.

"Ọ̀wẹ̀ lò ń sọ yẹn," ni mo wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá! Ọ̀wẹ̀ gan-an ni. Àfi pé kò sẹ́ni tó ń se oúnjẹ fún wa."

Mo wo ojú ẹ̀rọ náà dáadáa. Tábìlì ni wọ́n ń pe ibi àkọ́kọ́ tí èèyàn ń rí bí ẹ̀rọ bá tàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ń wà, bí ìwé ṣe ń wà lórí tábìlì. Tábìlì yìí kò mọ́. Lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ojú àgbà. Bọ́tìnnì tó ń pa iṣẹ́ dé fẹ́rẹ̀ẹ́ gun èyí tó ń mú un tóbi. Ní ìsàlẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá ṣí, tí wọ́n ń pè ní fèrèsé, ní àwòrán kékeré tirẹ̀, wọ́n sì fún mọ́ra bí èrò ọjà. Mo fa bírò pupa mi yọ, mo kọ àbùkù mẹ́tàlélógún sílẹ̀, mo sì fún wọn ní nọ́ńbà.

Pásíkà ka ìwé náà tán, ó mí kanlẹ̀. "Màmá, Sakété lẹ máa lọ. Léóntínì gbọ́dọ̀ rí yín."

Bí mo ṣe di èrò ẹ̀yìn zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwọn, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Ní Sakété, àwọn mẹ́fà tàbí méje máa ń pé jọ sí ilé kan, kálukú pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Léóntínì ni àgbà wọn nínú iṣẹ́ tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ara bó bá jókòó. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹjọ́ àbùkù sùn: ìwé kan, àbùkù kan. Kọ ohun tí o ṣe, kọ ohun tí o rí, kọ ohun tí o rò pé ó yẹ kí o rí. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wí pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí èèyàn máa kọ ìwé.

Nígbà tí mo mú ìwé ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ wá, ó kà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ìkíni ni ìdajì ìwé yìí! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú àfaradà... Ẹni tó máa kà á wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́."

"Ṣé wọn kì í kí ara wọn níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n..."

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè wọ ilé onílé kí n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbùkù ilé rẹ̀ sí i létí."

Ó yí i sí èdè wọn, ó sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìkíni rẹ̀ lódindi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹni ibi yìnyín náà fèsì. Ó kọ́kọ́ kí mi. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé mi. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òótọ́ ni, lẹ́tà náà kéré jù, òun sì ti tún un ṣe. Mo gbé fóònù, mo ka èsì náà sí Rẹ̀mí létí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a ṣe ń tún tábìlì náà ṣe díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù ni àwọn àwòrán tó fún mọ́ra nísàlẹ̀. Mo ní kí iṣẹ́ tó bá jẹ́ irú kan náà wà lẹ́yìn àwòrán kan ṣoṣo. Àwọn kan kò gbà, àríyànjiyàn náà sì gba bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó tutù. Nígbà tí tábìlì tuntun dé sórí àwọn ẹ̀rọ wa ní Pobè, ó mọ́ tónítóní bí pátákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ní àkókò yìí, Pásíkà ti fi ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ń wá láti inú ìlú, láti Towé àti Issaba, àwọn kan tilẹ̀ ń gba Ita-Djèbou wá. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹni tó bá dìde, ẹlòmíràn á jókòó. Kí wàhálà má bàa ṣẹlẹ̀, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ òfin kan sára ògiri: MÁ ṢE FỌWỌ́ KAN IṢẸ́ TÍ KÌ Í ṢE TÌRẸ. Kò sí ẹni tó rú u. Inú mi dùn sí èyí náà.

Kò pé oṣù méjì tí àwọn ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Èèyàn á tẹ lẹ́tà kan, á dúró kí ó tó jáde. Nígbà tó ṣe, wọ́n á dákẹ́ pátápátá, bí ẹni tó sùn lọ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìgbìmọ̀ tó ni gbọ̀ngàn ránṣẹ́ pe Pásíkà, ó sì padà wá bá mi pẹ̀lú ojú tó fà ro.

"Wọ́n ní bí kò bá dáa láàárín oṣù kan, a ó kó wọn jáde. Wọ́n fẹ́ máa tọ́jú irúgbìn àgbàdo síbẹ̀."

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ méjìlá ni mo ń bẹ̀rù pé yóò lọ. Bí yàrá yẹn bá tì, mo tún di ìyá tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú onílùú. Mo sọ fún Rẹ̀mí.

"Ẹ padà wálé, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ilé yín ṣì wà. Kí lẹ fẹ́ máa bá ẹ̀rọ jà fún?"

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ìwé kan ná.

Mo jókòó, mo kọ ìwé ẹ̀sùn tó le jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti kọ. Mo ní wọ́n ti ba ètò náà jẹ́. N kò kí ẹnikẹ́ni.

Léóntínì kò fèsì padà pẹ̀lú ìbínú. Ó gba ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà lọ sí Sakété, ó pa á, ó tún tàn án, ó fi odindi ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo dé ní Sátidé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, níbí, ó ń sáré bí ìgalà. N kò rí nǹkan kan."

"Mo ti kọ ohun tí mo rí fún ọ."

"Ẹ ti kọ ọ́. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ ń falẹ̀. Ṣé ẹ ti wo ohun tí àwọn tó ń lò ó ń ṣe kó tó máa falẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ tí mo lè bí ń kọ́ mi bí a ṣe ń ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́! Mo dì í sínú délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi ara mi léèrè: láti oṣù tí mo ti wà ní yàrá yẹn, ìgbà wo ni mo jókòó ti ẹnì kan láìsọ̀rọ̀? N kò rántí ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ṣe nǹkan ni mo ti ń sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é.

Ní ọjọ́ náà, mo fa àga ti Sèsílì. Aránṣọ ni, láti Issaba. Ó ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀rọ. Mo pinnu pé n kò ní la ẹnu mi. Sèsílì ṣí ẹ̀rọ náà. Pásíkà kì í pa wọ́n bí a bá ń lọ. Ṣe ló máa ń dé wọn bí ìgbà tí a bá dé ìwé, wọn a sì sùn títí di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ yọ ni fèrèsé tí Bàbá Òjó, àgbẹ̀ kan láti Towé, ṣí sílẹ̀ lánàá, tí ó ń kọ ìtàn ìdílé wọn sí.

Sèsílì tẹrí ba díẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ló sọ lábẹ́ ohùn. Ó rọra sọ fèrèsé náà kalẹ̀ sí ẹ̀yìn àwòrán tó wà nísàlẹ̀, ó sì ṣí tirẹ̀.

N kò lè pa ẹnu mọ́ mọ́. "Kí ló dé tí o kò pa á dé?"

Ó yíjú sí mi bí ẹni pé mo ní kó bọ́ fìlà lórí àgbà. "Háà, Màmá! Èmi Sèsílì? Kí n pa ìwé Bàbá Òjó dé, nígbà tí wọn ò rán mi? Ṣé mo lè ká ẹní tí wọ́n tẹ́ ni?" Ó na ìka sí ògiri. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ní kó tẹ àwòrán kan ṣoṣo tó mọ́ tónítóní yẹn, kí á wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn fèrèsé náà tò sílẹ̀ gbọọrọ. Mo kà wọ́n: mọ́kànlélógójì. Iṣẹ́ gbogbo ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn ni, kò sí ẹni tó pa ti ẹnìkejì dé. Ẹ̀rọ tó ti gbó ni a di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí; èyí tí Léóntínì gbà lọ yá nítorí pé bó ṣe pa á, ẹrù orí rẹ̀ bọ́. Èmi tí mo fi òfin dè wọ́n, èmi náà ni mo ní kí a kó ẹrù náà pa mọ́ sẹ́yìn àwòrán kan, kí ojú mi má bàa rí i.

Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ tèmi. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí Rẹ̀mí, tí n kò parí. Mo jókòó, mo wò ó. Ó ti lé ní oṣù kan tí àwọn èèyàn yìí ti ń rọra yà fún iṣẹ́ mi, tí wọ́n ń kí i, tí wọn kò jẹ́ kí nǹkan ṣe é, èmi sì rò pé wọn kò kà mí kún.

Nígbà tí Bàbá Òjó dé, mo bi í pé kí ló dé tí kì í pa ìwé rẹ̀ dé bó bá ń lọ.

"Ṣé mo ti parí ni? Tíṣà, ẹni tí kò tíì ro oko rẹ̀ tán, ṣé ọkọ́ ló máa ń gbé wálé lójoojúmọ́? A máa ń fi ewé bò ó lóko ni. Ọ̀la la máa tún gbé e."

Mo gba Sakété lọ láìdúró de Sátidé. Mo kà á fún Léóntínì bó ṣe rí, n kò fi èyí tó kàn mí pa mọ́. Mo ní màá kọ òfin tuntun sára ògiri, pé kí kálukú máa pa fèrèsé dé.

Ó mi orí. "Màmá, ẹ fẹ́ tún gbogbo Pobè kọ́ nítorí ẹ̀rọ. Ṣé kò rọrùn ká tún ẹ̀rọ kọ́?" Ó fa ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ tún ọ̀rọ̀ ewé àti ọkọ́ yẹn sọ fún mi."

A jọ kọ ìwé sí àwọn yòókù. Mo fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì jẹ́wọ́. Ẹni ibi yìnyín kí mi padà, ó ní kálukú ló ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, nítorí náà kò sí bí àwọn ì bá ṣe mọ̀. Ó ní tábìlì tí kò mọ̀ pé èèyàn púpọ̀ ń jókòó sídìí òun, ẹ̀bi àwọn tó kàn án ni. Ó bá Léóntínì ṣiṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ṣe nìyí: bí èèyàn bá ṣí ẹ̀rọ, yóò kí i, yóò sì béèrè pé ta ló jókòó. Ẹni náà á tẹ orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó dìde yóò lọ sí ìpamọ́, kò ní wúwo lórí ẹ̀rọ mọ́; bó bá sì padà dé, á bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní pa ìwé àgbà dé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù náà pé nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ wá wò ó. Mẹ́ta ni wọ́n, alága wọn jẹ́ bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Sèsílì ló kọ́kọ́ jókòó, ó kọ ìwọ̀n aṣọ rẹ̀, ẹ̀rọ kò falẹ̀. Ó dìde. Bàbá Òjó bọ́ síbẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ àwòrán ojú rẹ̀. Ìtàn ìdílé wọn yọ, ó dúró síbi ọ̀rọ̀ tó parí sí.

"Ẹ wò ó," ló wí fún àwọn ìgbìmọ̀, "orúkọ bàbá bàbá mi ni mo ń kọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá kó àgbàdo síbí, níbo ni mo ti fẹ́ parí rẹ̀?"

Alága tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó bá yíjú sí mi. "Ìyá, ṣé ojú tèmi náà lè wà níbẹ̀?"

Mo fa àga fún un. Ó lo bíi wákàtí kan nídìí rẹ̀. Wọ́n wá ibòmíràn kó irúgbìn wọn sí.

Mo ṣì wà ní Pobè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fúnmiláyọ̀ tó pè mí wá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Léóntínì tó sọ òótọ́ fún àgbà láìrí àgbà fín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí n kò ní fojú rí láéláé, tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn bọ̀wọ̀ fún àṣà tí kì í ṣe tiwọn. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ìlú onílùú á di tèmi lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ ohun tí mo mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó di tèmi lọ́jọ́ tí mo mọ ohun tí wọ́n ti ń ṣe fún mi kí n tó mọ̀.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa wo ọwọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ fún yín tó bẹ́ẹ̀: kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, kí ẹ tó dá èèyàn lẹ́bi, ẹ fa àga, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ dákẹ́, kí ẹ wo ọwọ́ wọn.